Ẹ Bi Wá: Gírámà Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. SS2 ni ọmọ mi ọkùnrin wà. Bó bá ń ṣe past questions, ó máa ń gba objective dáadáa. Àmọ́ bó bá kọ àròkọ, "He did not came" àti "My sister go to market yesterday" ló máa ń kún inú rẹ̀. Ṣé kí n tún ra ìwé gírámà mìíràn fún un ni?
Ìyá ọmọ, Mọ́níyà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ fi owó yín pamọ́, màmá. Nínú objective, ìdáhùn ti wà nílẹ̀, kó ṣáà mú un ni. Nínú àròkọ, òun ni yóò to gbólóhùn fúnra rẹ̀, bí Yorùbá ṣe ń tò ó ló sì máa sáré wá sí i lọ́wọ́. "Lọ" tiwa kì í yí padà: a lọ lánàá, a ń lọ, a ó lọ. Ti Òyìnbó ń yí: go, goes, went. Ní ti "did not came", "did" ti gbé ìgbà tó kọjá dání, "come" lásán ló kù. Èrò tó ti sanwó ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀, kọ̀ńdọ́ kì í tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá.

Ẹ wá ìwé exercise kan fún un. Lálaalẹ́, kó kọ gbólóhùn 10 nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe. Kó wá mú 3 nínú wọn, kó yí wọn báyìí:

Mummy bought yam at Bodija yesterday.
Mummy buys yam at Bodija every Saturday.
Mummy did not buy yam at Bodija yesterday.

"S" inú "buys" yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ jù, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ má ṣe bá a tún un kọ o! Ẹ fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí àṣìṣe wà, kó wá a rí fúnra rẹ̀. Irú àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ dojú kọ lọ́sẹ̀ kan. Bí bírò pupa bá bo gbogbo ojú ewé, ọmọ kì í mọ èyí tó máa kọ́kọ́ mú.

Nínú àròkọ WAEC, máàkì 10 nínú 50 wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró, ààbọ̀ máàkì ló sì ń lọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe 20 péré ti gbá a tán.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà mi fagi lé "My father, they have travelled". Ṣé kì í ṣe àrífín ni kí n pe bàbá mi ní "he"?
Akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe àrífín rárá. "They" kò ní ọ̀wọ̀ nínú bíi "wọ́n" tiwa. Ènìyàn púpọ̀ ni ẹni tó bá kà á máa rò. Kọ "My father has travelled", má sì fi "he" kún un, torí "my father" ti dúró síbẹ̀. "He" di gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Kí o tó fi ìwé sílẹ̀, yí òdo sí gbogbo "he", "she", "him" àti "her", kí o fa ọfà láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sára ẹni tó ni ín. Èyí tí ọfà rẹ̀ kò bá rí ibi balẹ̀ sí, orúkọ ni kí o fi rọ́pò rẹ̀.