Kí ìwọ̀ tó kan omi ló yẹ kí o ti mọ̀ bóyá wàá dá ẹja trout ńlá padà

Àbúrò mi, o ní kí àwa ẹ̀gbọ́n gbà ọ́ nímọ̀ràn. O ń wá ẹja trout aláwọ̀ búráùn kan, ẹja omi tútù, tó tóbi gan-an, o fẹ́ kí wọ́n bó awọ rẹ̀, kí wọ́n kì í, kí o sì gbé e kọ́ ara ògiri. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìkà ló ń pa irú ẹja bẹ́ẹ̀, pé kí o dá a padà sínú odò. O wá bi wá pé èwo ló tọ́. Ìdáhùn mi ò ní yá, torí mo ti rí ẹja ńlá tí a dá padà tó sì kú lójú mi, òfin ló sì ní kí a dá a padà.

Lórí odò tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹja trout tó bá ti gùn kọjá ìwọ̀n kan kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Òfin kan náà ló gbà pé kí a fi ekòló dẹ ẹ́. Bá mi rò ó wò. Ekòló ni ẹja máa ń gbé mì wọnú ọ̀fun; ìdẹ onírin tàbí eṣinṣin tí a fi ìyẹ́ dì, ètè ló sábà máa ń fi mú un. Nígbà tí ẹja ńlá tí mo fi ekòló mú lọ́jọ́ kan níbẹ̀ jáde sí etí omi, ìwọ̀ ti wọlé jìnnà, ó ti gún ẹ̀yà pupa tó fi ń mí, èyí tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Gbogbo bó ṣe ń mí ni ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ìwọ̀ mọ̀ pé ẹja tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà yè.

Mo gé okùn náà súnmọ́ ẹnu rẹ̀, n kò fa ìwọ̀, mo sì kọjú ẹja náà sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ odò kan dé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹja yìí ń kú lọ, ẹ jẹ́ kí n pa á wéré kó má jìyà." Ó ní rárá, kí n gbé e jáde kí òun wọ̀n ọ́n. Ó tẹ́ pátákó ìwọ̀n sórí òkúta gbígbẹ. Ó ń wá bírò. Ó ń kọ nọ́ńbà. Ó ya fọ́tò, ó tún un yà, torí pé oòrùn kọjú sí i. Ẹja ń ya ẹnu, ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ ń gbẹ mọ́ pátákó, èmi sì dúró tì í. Nígbà tó parí tirẹ̀, ó ní ó yá, kí n dá a padà.

Mo dúró sínú omi títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo di ìdí ìrù rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀. Ó mí díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún mí. Mo rò pé ó ń sọjí. Nígbà tó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wẹ̀ dé ibi tí omi ti jìn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ikùn rẹ̀ sì yí sókè. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ó ti kú báyìí, ẹ jẹ́ kí n gbé e, kí ẹran rẹ̀ má ṣòfò. Ó ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, òun á gba ìwé àṣẹ mi, màá sì san owó ìtanràn. Mo bi í pé kí wá ni òfin náà dáàbò bò. Ó ní òfin ni òfin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé a dá ẹja náà padà láàyè. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn: nínú àkọsílẹ̀ wọn, ẹja yẹn ò kú.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi dùn bí àwọn ọ̀mọ̀ràn bá ń sọ pé ẹni tó dá ẹja padà ti ṣe rere, ó ti tán. Ìdápadà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí o bá mọ̀ pé o máa dá a padà, má fi ekòló dẹ ẹ́ rárá. Lo okùn tó nípọn tó kí ìjà má baà pẹ́. Tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pa, rẹ ọwọ́ rẹ sínú omi, kí àwọ̀n rẹ jẹ́ ti rọ́bà. Ìwọ̀nyí o ti mọ̀.

Ohun tí àwọn tó ń ya fídíò kì í sọ ni ti afẹ́fẹ́. Wọ́n á gbé ẹja sókè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa sọ ìtàn. Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ méjì ní Kánádà, Ferguson àti Tufts, gbé ìwádìí jáde lórí ẹja trout irú ti rainbow. Wọ́n lé àwọn ẹja náà títí ó fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, bí ìwọ̀ ṣe máa ń ṣe é, wọ́n sì gbé àwọn kan jáde kúrò nínú omi lẹ́yìn náà. Láàárín wákàtí 12, nǹkan bí 12 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí wọ́n kàn lé. Àwọn tó tún lo ìṣẹ́jú àáyá 30 lókè omi, ó di 38. Àwọn tó lo ìṣẹ́jú àáyá 60, ó di 72. Yàrá ìwádìí ni, odò yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ronú kan ẹ̀ṣọ́ tó ń wá bírò. Bí o bá fẹ́ ya fọ́tò, kí ẹja wà nínú àwọ̀n nínú omi títí ẹni tó ń yà á yóò fi ní òun ti ṣe tán.

Mú tẹmómítà dání pẹ̀lú. Bí omi bá ti ń sún mọ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ká okùn ìwọ̀ rẹ kí o máa lọ sílé. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ara ẹja ń béèrè fún púpọ̀ sí i. Ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè ní kí ẹnikẹ́ni má dẹ odò láti aago 2 ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí omi ti dé 73 Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 23 Celsius, fún ọjọ́ 3 léraléra. Ó dára tí wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ẹja ti ń jìyà. Má dúró de ìwé wọn.

Ní ti ẹja ńlá fúnra rẹ̀, òótọ́ wà nínú ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Abo trout máa ń yé tó nǹkan bí 2,000 ẹyin fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, nítorí náà abo ńlá kan ju ọ̀pọ̀ kéékèèké lọ. Irú trout kan wà nínú àwọn adágún jíjìn ní Scotland àti Ireland, tí wọ́n ń pè ní ferox, tó lè lo ju 20 ọdún lọ láyé. Ẹni tó bá pa irú rẹ̀, kò ní tètè rí òmíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n gbogbo omi kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Adágún tí wọ́n ń kó ẹja ọlọ́sìn dà sí, tí ẹja ò sì lè yé níbẹ̀, kí ni o ń dá a padà fún? Ní adágún Yellowstone ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí lake trout lọ́dún 1994, ẹja àlejò tó ń jẹ cutthroat, ẹja onílé ibẹ̀, run. Òfin ibẹ̀ ní kí o pa lake trout tí o bá mú, kí o sì dá cutthroat padà. Ìkà ha ni ẹni tó pa á?

Ilẹ̀ Switzerland tilẹ̀ yí i padà pátápátá: òfin wọn kò fàyè gba kí ènìyàn lọ dẹ ẹja pẹ̀lú èrò pé òun á kàn dá a padà. Wọ́n ní kò sí ìdí láti dá ẹranko lóró fún ìgbádùn. N kò tẹ̀ lé wọn délẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, torí lọ́dún 2003, Lynne Sneddon, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé orí àti ètè trout ní iṣan tó ń gbọ́ ohun tó ń pa ara lára. Nítorí náà, bí o bá máa mú ẹja lọ sílé, lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan kó kú, má jẹ́ kó máa jà nínú àpò. Kí o sì jẹ ẹ́. Ìkìlọ̀ kan: ẹja ńlá tó ti dàgbà máa ń kó mẹ́kúrì, májèlé kan, jọ sínú ara, nítorí náà wádìí omi náà kí o tó gbé e fún aláboyún tàbí ọmọdé.

Ti ògiri rẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Awọ trout kì í di àwọ̀ rẹ̀ mú lẹ́yìn ikú, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn ún, nítorí náà ọ̀dà ni wàá máa wò bó ti wù kó rí. Àwọn oníṣẹ́ lè fi fáíbà, irú ike líle kan, ṣe ère rẹ̀ gẹ́lẹ́ láti inú fọ́tò àti ìwọ̀n. Nínú omi, fi okùn wọn gígùn rẹ̀ láti ẹnu dé òpin ìrù, kí o wọn yíká ibi tó sanra jù. Bí o bá lo ínṣì, fi ìwọ̀n yíká náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, fi gígùn sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, pín in sí 800, wàá rí ìwúwo rẹ̀ ní pọ́ùn, ó súnmọ́ òtítọ́ dáadáa. Kò sí ìdí láti fi àgbọ̀n rẹ̀ so mọ́ òṣùwọ̀n.

Ẹja tó yè dáadáa lórí omi tó tutù, tí ìran rẹ̀ ń bí níbẹ̀: èmi á dá a padà, wàá sì rí ère rẹ. Èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó fi ń mí: bí òfin bá gbà, èmi á pa á. Kí o tó lọ, bi ọ́fíìsì tó ń bójú tó odò náà pé kí ni kí o ṣe bí ẹja tó kọjá ìwọ̀n bá ń kú lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n sì fún ọ ní ìdáhùn ní kíkọ. Bí wọ́n bá ní kí o ju òkú ẹja padà sínú omi, wá odò mìíràn.