Kí làwọn nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀ lé orúkọ ẹjọ́ ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ka ọ̀rọ̀ kan lórí bí wọ́n ṣe ń ya àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nílé ìwé l'Amẹ́ríkà nígbà kan, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Brown v. Board of Education, 347 U.S. 483, 495 (1954). Ìdájọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ fojú ara mi kà. Mo wá orúkọ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ọ̀kan ṣí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní adájọ́ sọ ò sí níbẹ̀ rárá. Kí làwọn nọ́ńbà yẹn ń sọ?

Ìdáhùn: Inú mi máa ń dùn téèyàn bá ní ìdájọ́ gan-an lòun fẹ́ kà, torí ohun táwọn èèyàn ní adájọ́ sọ àti ohun tí adájọ́ sọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó jọ pé Brown kejì lẹ ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì nilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ yẹn, ní 1954 wọ́n ní yíyà tí wọ́n ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba ò bá òfin ilẹ̀ náà mu, nígbà tó di 1955 wọ́n tún jókòó, wọ́n wá sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fòpin sí i. Orúkọ kan náà, ilé ẹjọ́ kan náà, nọ́ńbà ló yà wọ́n: àkọ́kọ́ ni 347 U.S. 483, ìkejì ni 349 U.S. 294. Ìdí táwa lọ́yà ò fi ń gbára lé orúkọ nìkan nìyẹn.

Citation là ń pe nǹkan tẹ́ ẹ rí yẹn. U.S. tó wà láàárín, ìkékúrú orúkọ ìwé ni o, United States Reports, ìwé tí wọ́n ń tẹ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà sí. 347 ni apá ìwé ọ̀hún, 483 ni ojú ìwé tí ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀, 495 ni ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá wà, 1954 sì lọ́dún tí wọ́n dá a. Tẹ́ ẹ bá tẹ 347 U.S. 483 nìkan láìfi orúkọ kún un, òun náà ló máa jáde.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó níbì kan kọ́ ni wọ́n ń tò ó níbòmíì. Ẹ wo Donoghue v Stevenson [1932] AC 562, ẹjọ́ obìnrin kan tó ní òun rí òkú ìgbín nínú ìgò ohun mímu; AC ni ìkékúrú Appeal Cases, orúkọ ìwé ìdájọ́ náà. Inú àkámọ́ onígun ni ọdún wà torí ọdún yẹn ni wọ́n fi ń pe ìwé náà, tẹ́ ẹ bá ṣi ọdún kọ ẹ ò ní rí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ àkámọ́ roboto, bíi Mabo v Queensland (No 2) (1992) 175 CLR 1 ti Ọsirélíà (CLR ni ìwé tó ń jẹ́ Commonwealth Law Reports), nọ́ńbà ìwé ń lọ tààrà látọdún dé ọdún, 175 yẹn ti tó yín, ọdún kàn ń sọ ìgbà tí wọ́n dá a ni. Àmì kékeré báyìí, ó ti dá àwọn èèyàn dúró sí láíbìrì fún wákàtí.

Ti ayé ìsinsìnyí tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2001 làwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìdájọ́ ní nọ́ńbà fúnra wọn, kò dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ síwèé mọ́. Bí ẹ bá rí [2019] UKSC 41, ìdájọ́ kọkànlélógójì tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní UK gbé jáde lọ́dún yẹn ni, òun ló ní dídá tí wọ́n dá ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dúró ò bófin mu. Ẹ máa rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí BAILII, ìkànnì kan tí wọ́n ń kó ìdájọ́ sí. Tí ìkékúrú kan bá sì rú yín lójú, ẹ wá Cardiff Index to Legal Abbreviations, òun náà ò gba kọ́bọ̀.

Ohun kan tó ń dùn mí ni báwọn kan ṣe ń rí nọ́ńbà tí wọ́n á sì gbà pé ó ti parí. Plessy v. Ferguson, 163 U.S. 537 (1896), tó fọwọ́ sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì wà nínú ìwé títí dòní, ẹ máa rí i, àmọ́ Brown ti gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà ń mú yín débi ìdájọ́ ni, kì í sọ bóyá ó ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wo àwọn ẹjọ́ tó dé lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà míì gan-an ìdájọ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ sí: ní 2023 ní New York, adájọ́ kan bu fáìnì 5,000 dọ́là lu àwọn lọ́yà kan torí pé ẹjọ́ mẹ́fà tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀, ChatGPT ló hun wọ́n jọ, nọ́ńbà sì wà lára wọn dáadáa o. Ẹ ṣáà ṣí i kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti wá ṣí 347 U.S. 483, ẹ má bẹ̀rù, kò gùn. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà ojú ìwé sáàárín ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa yí i wálẹ̀ títí ẹ máa fi kan 495, ibẹ̀ làwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti fẹnu kò pé "separate but equal", ìyẹn ká ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀ ká sì ní wọ́n dọ́gba, ò láyè nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba.