"Olúwa, èmi ni bí?": kí ni wọ́n ń béèrè gan-an?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: nínú Mátíù 26:22, nígbà tí Jésù sọ nídìí oúnjẹ pé ọ̀kan nínú àwọn méjìlá yóò fi òun hàn, kí ló dé tí wọ́n fi ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Olúwa, èmi ni bí?" Ṣé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ náà ń bẹ̀rù ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "fi hàn" yẹn, torí ó máa ń rú àwọn kan lójú. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ibẹ̀, paradidomi, ni kéèyàn fa ẹlòmíì lé ọ̀tá lọ́wọ́. Òun náà ni Mátíù lò fún Pílátù ní 27:26. Ìdalẹ̀ ni àwa ì bá pè é, kò sì burú, torí inú àwo kan náà ni wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ̀. Síbẹ̀, "fi hàn" bá a mu jọjọ: ẹnu ni Júdásì fi kò ó lẹ́nu lóru ọjọ́ yẹn káwọn tó wá mú un lè dá a mọ̀.

Nínú àwòrán, Júdásì á fajú ro, á jókòó sí kọ̀rọ̀, ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Òun ni àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde jáde ní Jòhánù 13, àwọn kan rò pé ó fẹ́ lọ ra nǹkan àjọ̀dún tàbí kó fún tálákà lówó ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè nàka sí. Kálukú bá yíjú sí ara rẹ̀.

Àwọn oníwàásù máa ń yìn wọ́n fún èyí, mo sì gbà dé ìwọ̀n. Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ní Gíríìkì, ìbéèrè tó ń retí "rárá" ni: "Kì í kúkú ṣe èmi, àbí?" Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wá ẹni tó máa dá wọn láre.

Júdásì náà béèrè, ní ẹsẹ 25: "Rábì, èmi ni bí?" Owó fàdákà 30 ti bọ́ sí i lọ́wọ́ kó tó jókòó. Àwọn yòókù ní "Olúwa", òun ní "Rábì", ìyẹn olùkọ́. Mi ò ní gbé gbogbo ẹrù lé orí ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ wá inú Mátíù títí, ẹ ò ní rí ibi tí Júdásì ti pè é ní Olúwa. Nígbà tó ń fẹnu kò ó lẹ́nu pàápàá, "Rábì" náà ni. Jésù kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn ní, "Ìwọ wí i": ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́.

Ní 1 Kọ́ríńtì 11:28, Pọ́ọ̀lù ní kí ènìyàn wádìí ara rẹ̀ kó tó jẹ nínú àkàrà náà. Ọ̀rọ̀ tó lò ni wọ́n ń lò fún dídán wúrà àti fàdákà wò, ẹni tó bá sì ń dán nǹkan wò kò tíì mọ ohun tó máa bá níbẹ̀. Ti Júdásì kọ́ nìyẹn. Ohun tó ti mọ̀ ló ń béèrè.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ lè bẹ̀rù. Pétérù mọ̀ pé òun ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ pé kí àkùkọ tó kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin kan lágbàlá ló máa mú òun sẹ́.