Òdòdó dragon fruit mi ń já bọ́, ajílẹ̀ wo ni kí n lò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gbin dragon fruit, èyí tí inú ẹ̀ pupa, ọdún kejì ẹ̀ rèé. Ó ń yọ òdòdó ńláńlá, àmọ́ tó bá ti là tán, kì í tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ẹ̀ á fi já bọ́. Ẹnì kan ta oògùn tó máa jẹ́ kí òdòdó dúró fún mi, mo ti fín in, kò yí nǹkan kan padà. Ajílẹ̀ wo ni kí n lò? Ṣé òótọ́ ni pé owó gidi wà nídìí ẹ̀, àti pé ó ń wo àtọ̀gbẹ? Màmá mi ní súgà.

Ìdáhùn: Ìbéèrè ajílẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi oògùn inú ike gba owó lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá tún lọ da ajílẹ̀ tí naitirójìn pọ̀ nínú ẹ̀ sí i, ẹ̀ka nìkan ni yóò máa yọ ṣáá, òdòdó gan-an á tún dín kù.

Ìgbà tó ń já ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé kó tó là ló ti ń rẹ̀ dànù, omi lè ti pọ̀ jù tàbí kó kéré jù, ooru lè mú un jù, tàbí kí igi náà ti yọ ju èyí tó lè gbé lọ, ìyẹn á fúnra ẹ̀ gbọn díẹ̀ dànù, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ tiyín là dáadáa kó tó já. Òdòdó tó bá là tán tó wá já, kò gboyún ni, kò sì sí ajílẹ̀ tó lè fún un lóyún.

Káktọ́ọ̀sì, ìyẹn irúgbìn ẹlẹ́gùn-ún, tó ń gun igi ni dragon fruit, Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni òdòdó ẹ̀ máa ń là, tílẹ̀ bá fi mọ́ tí oòrùn ràn, ó ti ń rọ nìyẹn. Àdán àti àfòpiná ló máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú ẹ̀, ìyẹn eruku inú òdòdó tó ń jẹ́ kó gboyún, kiri lóru. Oyin náà máa ń wá nídàájí, àmọ́ òdòdó yẹn tóbi, ó lè kó lẹ́búlẹ́bú lọ láì fara kan ibi tó yẹ kó kàn. Ohun tí àwọn tó ń ta irúgbìn kì í sì í sọ fún yín nìyí: púpọ̀ nínú èyí tí inú ẹ̀ pupa kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara ẹ̀, àfi ti oríṣi míì. Kódà tẹ́ ẹ bá ní igba igi lóko, tó bá jẹ́ ara ìyá kan náà ni wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀, igi kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ lọ wá ẹ̀ka oríṣi míì tí ẹ mọ̀ dájú pé ó yàtọ̀, ẹ gbìn ín sí i. Ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ gbìn o, kì í ṣe kóró, torí kóró lè gba ọdún mẹ́ta sí méje kó tó so.

Tí oríṣi méjèèjì bá ti ń yọ òdòdó, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti burọ́ọ̀ṣì kékeré tó rọ̀ lọ síbẹ̀ láti nǹkan bí aago 9 alẹ́. Ẹ fi burọ́ọ̀ṣì gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan sínú abọ́ gbígbẹ. Ẹ máa rí ọ̀pá kan láàárín òdòdó kejì tó yọ jáde ju àwọn yòókù lọ, tí orí ẹ̀ pín sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi lẹ́búlẹ́bú náà kùn dáadáa. Tí òjò bá ń bọ̀, ẹ fi nǹkan bo òdòdó náà. Tí wọn ò bá là lálẹ́ ọjọ́ kan náà, lẹ́búlẹ́bú tó gbẹ dáadáa lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan nínú fíríìjì. Ẹ má sì fín oògùn kòkòrò lásìkò tí òdòdó bá ń là. Òdòdó á rọ bó ṣe máa ń rọ, ẹ má jáyà, ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò: tó bá tutù yọ̀yọ̀ tó sì ń wú, ó ti gbà á, ẹ máa retí èso láàárín nǹkan bí oṣù kan sí oṣù kan àtààbọ̀, àmọ́ tí ìdí yẹn bá ń di yẹ́lò, ó fẹ́ já nìyẹn.

Ní ti owó, owó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe owó ọdún kan. Òpó sìmẹ́ńtì ló máa kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín, igi mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbìn sídìí òpó kan, wọ́n á wá gbé táyà sórí ẹ̀ kí ẹ̀ka lè rí ibi fì sí. Òpó tí ò bá lágbára á wó, torí igi náà máa ń wúwo gan-an tó bá dàgbà. Ẹ̀ka lè so láàárín ọdún kan sí méjì, ṣùgbọ́n láti ọdún kẹta lọ ni èso gidi ń bẹ̀rẹ̀, igi náà sì lè lò tó ogún ọdún. Ẹ má ká a láìpọ́n torí pé oníbàárà ń kánjú, kì í tún pọ́n mọ́ tó bá ti kúrò lára igi. Ẹ sì ti mọ ẹni tó máa rà á kẹ́ ẹ tó ri òpó mọ́lẹ̀, nítorí tí gbogbo àgbẹ̀ bá kórè lẹ́ẹ̀kan náà, iye ẹ̀ á já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ Vietnam fi ń tan gílóòbù sóko lóru nígbà tí ojúmọmọ bá kúrú, kí igi lè yọ òdòdó nígbà tí kì í ṣe àsìkò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá wá kù. Èmi kì í ṣe dókítà o, oko ni iṣẹ́ mi, àmọ́ mi ò lè dákẹ́. Èso tó dáa ni, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó sì ní fáíbà tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù èso. Àwọn olùwádìí kó àwọn ìwádìí kéékèèké tó wà nílẹ̀ jọ lọ́dún 2017: súgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ lára àwọn tí súgà wọn ń ga àmọ́ tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n lára àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi. Èso náà fúnra ẹ̀ ní súgà nínú, nítorí náà kí màmá bi dókítà wọn léèrè ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ. Tí wọ́n bá jẹ oníinú pupa tí ìtọ̀ wọn wá pọ́n díẹ̀, àwọ̀ èso ni, àmọ́ tó bá ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, tàbí tí wọn ò jẹ ẹ́ tó ṣì pọ́n, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Oògùn súgà tí wọ́n ń lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹ̀fun dragon fruit rọ́pò ẹ̀.