Ṣé èébú ni "À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú"?

Ẹ ní ìyá ọkọ yín sọ pé kí ẹ má tíì kó ọjà àwìn tí ẹ fẹ́ lọ kó, nígbà tí ẹ sì fajú ro, wọ́n pòwe: "À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀." Ẹ wá ń béèrè bóyá wọ́n bú yín ni. Rárá o. Ìbáwí ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ yín ká lára ló sì ń pa á. Àmọ́ ẹni tí kò sin adìyẹ ìbílẹ̀ rí, etí lásán ni yóò fi gbọ́ òwe yìí.

Ọjọ́ 21 ni adìyẹ fi ń sàba kó tó pamọ. Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì ní ìyẹ́ gidi lára, kò lè fò, eré rẹ̀ náà ò tó nǹkan. Àwòdì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń rà bàbà lókè, ìyá adìyẹ á figbe ta, á ràdọ̀ bo àwọn tó ráyè sá wá sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá jìnnà, ó bá àwòdì lọ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń fi agọ̀ bo tìyátọmọ, tí wọ́n á gbé òkúta lé e lórí kí ewúrẹ́ má baà taari rẹ̀ torí àgbàdo tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi aró tàbí oògùn egbò elésè àlùkò kun òròmọdìyẹ lára kí àwòdì má baà dá a mọ̀. Wọ́n tún ń fi ìyẹn mọ tiwọn yàtọ̀ sí ti aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu òròmọdìyẹ náà. Ààtàn tó ń pariwo lé lórí, ibẹ̀ ni ìdin, ekòló, èèpo iṣu àti ìdọ̀tí ilé ìdáná wà. Oúnjẹ ló ń wò láti inú agọ̀! Lójú tèmi, òwe yìí gbè sẹ́yìn ẹni tó ń gbani là jù. Ẹni tó mọ adìyẹ sìn kì í kàn sé e mọ́lé. Á da ọkà bàbà sílẹ̀ fún un, á lọ bu òkìtì ikán wá láti oko, á fọ́ ọ síbẹ̀, ẹ ó sì rí i bí àwọn ọmọ adìyẹ ṣe ń já ikán gbà lẹ́nu ara wọn. Ariwo ààtàn á rọlẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Mo gbọ́, Màmá. Kí ni kí n máa tà ná báyìí?" Bóyá wọ́n ní owó díẹ̀ tàbí oníbàárà kan tí wọ́n lè fi yín mọ̀.

Ẹ má ṣì í mú fún "Adìyẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì bí?" Aláàṣejù tó rí jẹ, tó rí mu, tó ṣì ń ráhùn ni wọ́n ń pa ìyẹn fún. (Òkúta náà kì í ṣe àsọdùn: inú iwe ló ń lọ, òun ló ń bá a lọ oúnjẹ.)

Ẹ lè pa òwe òròmọdìyẹ fún àbúrò tàbí ọmọ yín. Bí àgbà bá wà níjòókòó, ẹ fi "tótó, ó ṣe bí òwe" kún un, wọ́n á ní ẹ ó rí òmíràn pa. Ìyá ọkọ nìkan ni kí ẹ má pa á fún, bí wọ́n tilẹ̀ ń lọ ra ọjà àwìn.