Ìfáárà àròkọ IELTS: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ dúró sí

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ àròkọ èrò ẹni nínú Task 2 (iṣẹ́ kejì ní apá ìkọ̀wé) ti IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìfáárà ló ń jẹ yín lákòókò jù. Mo ti jókòó ṣe ìdánwò náà, mo sì ti ka àròkọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo rí ni pé kì í sábà jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń dá wọn dúró. Wọn ò tíì mọ èrò wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ìṣẹ́jú 40 lẹ ní, ọ̀rọ̀ 250 ó kéré tán. Ẹ yọ ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi Yorùbá dá ara yín lóhùn: ṣé mo gbà? Nítorí kí ni? Bí ìdí méjì bá ti jáde, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ká ní wọ́n bi yín pé: "Some people think children should not be given homework. To what extent do you agree or disagree?" Báyìí ni màá ṣe kọ ọ́:

"It is sometimes argued that schoolchildren would be better off without homework. I strongly disagree, because short tasks done at home help pupils remember their lessons and show teachers who is struggling."

Gbólóhùn méjì péré. Èkíní fi ọ̀nà mìíràn sọ ohun tí wọ́n bi wá. Mo fi "homework" sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò pọn dandan kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má da odindi ìbéèrè kọ, torí wọn kì í ka ohun tí ẹ bá dà kọ mọ́ iye ọ̀rọ̀ yín. Èkejì ló ṣe pàtàkì. Ó sọ ibi tí mo dúró sí, ó sì ti jẹ́ kí ẹni tó ń máàkì mọ̀ pé ìrántí ni ìpínrọ̀ tó kàn máa dá lé, pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló máa tẹ̀lé e. Bó bá dé ibẹ̀ tó wá bá eré ìdárayá, ọ̀rọ̀ dàrú nìyẹn.

Bí ẹ bá gbà lápá kan, ẹ là á mọ́lẹ̀: mo gbà fún àwọn ọmọ kéékèèké, mi ò gbà fún àwọn tó wà ní girama. "Ó ní àǹfààní, ó sì ní àléébù" kì í ṣe ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé àwọn gbólóhùn àkọ́sórí bíi "In this modern era, this is a highly controversial topic". Ó bá gbogbo ìbéèrè mu, ìdí nìyẹn tí kò fi dáhùn èyíkéyìí, àwọn tó ń máàkì sì ti mọ̀ ọ́n dunjú.

Tí ẹ bá kọ ìyókù tán, ẹ padà ka gbólóhùn kejì yẹn. Bí ìdí kan bá ti yí padà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tún un ṣe kó bá ohun tó wà nísàlẹ̀ mu.