Ìtumọ̀ òwe "Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò"

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ òwe tí ó wí pé, "Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà." Ó ní òun gbọ́ àlàyé kan lórí rédíò ní Adó-Èkìtì pé ìkìlọ̀ nípa ẹ̀mí òkùnkùn ni òwe náà, pé bí ìrókò bá ti dàgbà ni ẹ̀mí burúkú ń kó wọ inú rẹ̀, àti pé nítorí èyí ni àwọn baba wa ṣe ní kí a máa gé e dànù ní kékeré. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ẹni tí ó ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ojú ara rẹ̀ wo ọmọ ìrókò rí. Òwe náà kò ní kí a gé igi dànù. Ẹ̀ka ni ó ní kí a pa, àgbẹ̀ ni ó sì pa òwe náà, kì í ṣe ẹni tí ń ṣọdẹ ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ igi tí à ń sọ. Ìrókò, tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè ní Milicia excelsa, ìdílé kan náà ni òun àti ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ti wá. Ó lè ga tó mítà 50, ìdí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà 2, ojú sì lè gun ara rẹ̀ lọ sókè fún nǹkan bí mítà 20 kí ó tó kan ẹ̀ka kankan. Ó ní akọ, ó sì ní abo: igi tí ń yọ òdòdó akọ kì í so, èyí tí ń so ni abo. Èso abo yìí gùn tó ìka ọwọ́, ó hunjọ, àwọ̀ ewé ni ó sì ní títí tí yóò fi pọ́n, nítorí náà ènìyàn tí ó bá ń kọjá lọ kì í kà á sí. Àdán ni ó mọ iyì rẹ̀. Àwọn àdán ńlá, irú èyí tí ó kún orí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ni olórí agbìn-ìrókò ní ilẹ̀ wa. Wọn a jẹ èso náà lóru, wọn a sì máa yà hóró rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri bí wọ́n ti ń fò lọ. Hóró tí ó bá bọ́ sábẹ́ igbó kìjikìji kì í sábà rí ayé, nítorí oòrùn ni ọmọ ìrókò ń fẹ́. Èyí tí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, láàárín ebè iṣu àti ẹsẹ̀ kòkó tuntun, ni yóò hù tí yóò sì yára dàgbà.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Èrò mi ni, mo sì dì í mú gírígírí, pé púpọ̀ nínú àwọn ìrókò ńlá tí a ń rí ní ẹ̀bá ìlú àti nínú oko kòkó ní Èkìtì kì í ṣe igi tí igbó àtijọ́ fi sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ ìrókò hù lójú àdá rẹ̀, ó wò ó, ó sì pinnu pé èyí yóò dúró.

Bàbá mi àgbà ní oko kòkó ní ìhà Ìsẹ̀-Èkìtì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí òwe yìí ń sọ. Etí ewé ọmọ ìrókò ní eyín wínníwínní tí ewé àgbà ìrókò kò ní, òun ni bàbá fi ń dá a mọ̀ láàárín koríko. Bí ó bá fi ṣóńṣó àdá pa ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oje funfun yóò sun jáde. Ìdí tí ó fi ń pa ẹ̀ka náà ni pé kòkòrò kékeré kan wà, Phytolyma lata, tí ọmọ rẹ̀ máa ń wọ inú ewé tútù àti ọ̀mùnú ìrókò. Ibẹ̀ a wú ní kókó-kókó, a kún fún omi, nígbà tí ó bá sì là, ọ̀mùnú a rà, igi a wá rú ẹ̀ka jánganjàngan láìní ìkan tí ó nàró. Kòkòrò yìí wà lára ohun tí ó mú kí gbíngbin ìrókò nìkan lọ́pọ̀ sójú kan ṣòro fún àwọn aṣọ́gbó, tí ó fi jẹ́ pé tíìkì àti mẹ́láínà ni wọ́n gbìn kún inú igbó ọba. Bàbá kò mọ orúkọ kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun mú ọ̀kan tí ó tọ́, kí òun pa ìyókù. Bí ó bá di igi tán, kò sí àdá tí yóò dé ibẹ̀ mọ́. Pé a ń fi òwe náà kọ́ òbí nípa títọ́ ọmọ, tolórí-tẹlẹ́mù ni ó mọ̀ ọ́n, n kò ní dúró lórí ìyẹn.

Ó wá ku ẹbọ tí òwe náà ní igi náà yóò máa gbà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí igi náà ti níyelórí tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà èyíkéyìí bóyá ikán ń jẹ pákó ìrókò, yóò ní rárá. Òun ni a fi ń ṣe ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé àti igi òrùlé tí ń pẹ́. Káfíńtà náà yóò tún sọ fún yín pé lẹ́búlẹ́bú pákó rẹ̀ máa ń múni sín, àti pé nígbà mìíràn ayùn yóò kan òkúta gidi nínú igi náà, eyín rẹ̀ yóò sì kú. Òkúta yìí kì í ṣe oògùn tí ẹnikẹ́ni rì mọ́ ọn. Ẹfun ilẹ̀ ni, calcium carbonate, igi náà fúnra rẹ̀ àti àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, àwọn onímọ̀ sì ti rí i ní Côte d'Ivoire pé ilẹ̀ tí ó yí ìdí ìrókò ká, tí ó yẹ kí ó kan, èyí ni pé kí ó ní ásíìdì, a máa pàdánù kíkan rẹ̀.

Igi tí ó níyelórí tó báyìí, kí ni yóò dá ọwọ́ àáké dúró? Ẹbọ ni. Ẹni tí ó fẹ́ gé ìrókò kò lè dá a ṣe. Yóò bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò bá àgbà ẹbí sọ̀rọ̀, yóò difá, yóò sì ru ohun tí wọ́n bá ní kí ó fi tu Olúwéré, ẹ̀mí inú ìrókò, lójú. Ìnáwó ni, ìfàsẹ́yìn sì ni. Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, àwọn àgbà yóò ti bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi igi náà ṣe, ọ̀pọ̀ yóò sì ti yí ọkàn padà. Àwọn baba wa gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀mí ń gbé inú ìrókò, ìtàn Olúrónbí sì jẹ́rìí sí i. Ohun tí ìgbàgbọ́ yẹn ṣe lójú ayé ni pé abo ìrókò ń dúró, àdán ń rí èso jẹ, ọmọ tuntun sì ń hù nínú oko.

Lónìí, ayùn ẹ́ńjìnnì yóò wó o láàárín ọ̀sán kan, ọkọ̀ agégedú yóò sì ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti 1998 ni IUCN, àjọ àgbáyé tí ń dáàbò bo ẹ̀dá àti àyíká, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn igi tí kò jìnnà sí ewu ìparun. Ó dùn mí pé ọmọ Èkìtì tí ó lè pa ìtàn Olúrónbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò lè fi ìrókò hàn yàtọ̀ sí àfàrà, a sì wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹni tí yóò ní kí a gé ìwọ̀nba tí ó kù.

Ẹni tí ó béèrè tún fi kún un pé ọmọ ìrókò kan tí kò tíì ga dé orúnkún hù lẹ́bàá ògiri ilé bàbá òun ní Ìkẹ́rẹ́, ìyá òun sì ní kí wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n má dà á. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ kò dára fún un, nítorí igi ńlá ni yóò dà lẹ́bàá ilé. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ wú u tìyẹ̀pẹ̀tìyẹ̀pẹ̀, kí ẹ gbìn ín sáàárín kòkó tàbí àwọn igi mìíràn ní oko, níbi tí oòrùn ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa wo ọ̀mùnú rẹ̀; bí kókó bá yọ níbẹ̀, ẹ gé e kí ó tó là, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì fi ẹyọ kan tí ó nàró sílẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa pa, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ń bá yín ro oko pé kò gbọdọ̀ fi àdá kan ìyókù.